Ẹ̀rù Oníṣègùn Eyín Lára Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kéré lójú ẹni tí ń dúró de ọ̀rọ̀ títì àti iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín bá ń ro ní òru kò jẹ́ pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń rí ohun kan léraléra. Ọmọ ọdún 4 yóò fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, àkàrà rẹ̀ yóò sì wà níwájú rẹ̀ láìjẹ. Bí a bá bi í pé kí ní ń ṣe é, yóò ní kò sí nǹkan. Ó ti gbọ́ nílé pé ẹni tí eyín bá ń dùn ni a ó gbé lọ fún dókítà kí ó fi ẹ̀mú fà á yọ. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó pa ìrora náà mọ́ra.

Ta ni ó kọ́ ọmọ ní ẹ̀rù yìí? Àwa àgbà ni. Láyé àwọn baba wa, olóòlà ni a fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí ń sunkún. Nígbà tí ilà kíkọ ń lọ sílẹ̀, a gbé abẹ́rẹ́ dókítà sí ipò rẹ̀. Ọmọ a máa dákẹ́ lóòótọ́, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí yóò bá rí dókítà gan-an, ẹni tí ó wá fìyà jẹ ẹ́ ni yóò rò pé òun rí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, a kì í mú ọmọ dé ibẹ̀ àfi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, tí eyín sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ibẹ̀?

Ẹlòmíràn yóò wí pé eyín tí ọmọ yóò pààrọ̀ náà ni, kí ni a ń da ara wa láàmú sí? Ní tòótọ́, 20 ni eyín àkọ́kọ́, láti nǹkan bí oṣù 6 títí di nǹkan bí ọdún 3 ni wọ́n sì ń hù tán. Ní nǹkan bí ọdún 6 ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n sí orí òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn a máa wà lẹ́nu tó ọdún 10 tàbí 12. Àwọn ni ń ṣọ́ àyè fún eyín àgbà. Ní ọdún 6 kan náà, eyín ńlá kan a máa hù lẹ́yìn gbogbo wọn, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, láìjẹ́ pé eyín kankan yọ fún un. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé èyí tí ọmọ yóò pààrọ̀ ni. Kò ní àrọ́pò mọ́ títí ọjọ́ alẹ́.

Ní ọdún 1959, oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà, Addelston, kọ ìlànà kan tí wọ́n ṣì ń lò: kọ́kọ́ sọ fún ọmọ, fi hàn án, lẹ́yìn náà kí o ṣe é. Ẹni tí ó bá ti gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni kọjá yóò rẹ́rìn-ín, nítorí bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nìyẹn. Oníṣègùn yóò jẹ́ kí ọmọ fi dígí kékeré wo eyín ìyá rẹ̀, yóò jẹ́ kí ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ, kí ó tó kan ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ka ti eyín ọmọdé wà ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ó tó pé ọdún 1, nígbà tí ohunkóhun kò tí ì dùn ún. Ẹ má sì sọ fún un pé kò ní dùn ún rárá. Bí ó bá mọ̀ pé irọ́ ni, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ìtọ́jú eyín lórí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù tí ẹ gbé láti ilé lọ dí wọn lọ́nà.

Ohun tí a ń bẹ Ẹgbẹ́ fún kò pọ̀. Kí a kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwòsàn méjèèjì náà, kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá wo ẹnu àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ àjọ̀dún tí ń bọ̀, láìyọ eyín ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àwa olùkọ́ yóò tò wọ́n, a ó sì kọ orúkọ àwọn tí ó yẹ kí òbí wọn mú lọ sílẹ̀. Owó ọkọ̀ àwọn tí agbára wọn kò ká a ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ bá wa ronú sí.