Ẹ Má Fi Oògùn Pamọ́ fún Dókítà: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, nítorí ìju ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu, orúnkún sì ń yọ àwọn mìíràn lẹ́nu.

Bí a bá dé ọsibítù, ìbáà jẹ́ Wesley Guild ní Iléṣà tàbí Asubiaro ní Òṣogbo, dókítà á bi wá pé, "Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?" Púpọ̀ nínú wa á ní, "Kò sí o." Àbí ta ló fẹ́ kí ọkọ gbọ́ pé òun ń fètò sọ́mọ bíbí? Ta ló fẹ́ sọ pé oògùn ìsanra ni òun ń rà ní kẹ́mísì? Ìtìjú yẹn lè pani.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Họ́mónù ni ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, tó ń darí nǹkan oṣù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti okun ara. Oògùn tó ní họ́mónù nínú pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Èkínní ni oògùn oníhóró tí a fi ń fètò sọ́mọ bíbí. Èyí tó ní estrogen nínú máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ènìyàn bá wá ṣiṣẹ́ abẹ ńlá, tó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ẹsẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì gbẹ̀mí. Ọdún 1960 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú oògùn yìí fún ìfètò. Ní 1961, dókítà kan ní England ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹ̀dọ̀fóró nọ́ọ̀sì kan tó ń lò ó. Nítorí náà, dókítà sábà máa ń ní ká dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ ńlá, ká lo kọ́ńdọ̀mù dípò rẹ̀ kí oyún má bàa dé. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá kò ní estrogen. Wọn kì í sábà ní ká dá wọn dúró. Ẹni tó ń lo họ́mónù nítorí ooru ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kóun náà sọ ọ́.

Èkejì ni prednisolone àti dexamethasone. Àwọn kan ń lò ó fún ikọ́ fée tàbí oríkèé ríro, àwọn mìíràn ń lò ó kí wọ́n lè sanra. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, bí ọlọ́jà tó fa ìsọ̀ lé ọmọọṣẹ́ lọ́wọ́ tó lọ sùn. Bí ọmọọṣẹ́ bá sá lọ lójijì, ta ni á tajà? Ní 1952, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 34 kan tó ń lo cortisone. Wọ́n dá a dúró nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún un. Ó kú. Ní báyìí, wọn kì í dá a dúró lójijì, wọ́n tún lè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ ti rí i pé ọ̀kan wà tí wọ́n ń dá dúró, ọ̀kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ dá dúró. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin náà, kó béèrè bóun á ṣe lò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó má jẹun. Ẹ má gba irú ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu aládùúgbò ìsọ̀ yín.

Ohun tí a ó máa ṣe rèé. Ẹ kó gbogbo oògùn sínú náílọ́ọ̀nù lọ bá dókítà, títí kan àgúnmu ìsanra. Bí ọkọ bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dúró. Ẹ ṣáà sọ oògùn tí ẹ ń lò, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dìde rìn, ẹ rìn o. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ro yín, tí èémí ń gé tàbí tí àyà ń dùn yín, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì padà sórí oògùn oníhóró àfi tí dókítà bá ní ó yá.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Owó iṣẹ́ abẹ tí a fi èésú kó jọ, ẹ má jẹ́ ká fi ìtìjú sọ ọ́ dowó ìsìnkú. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa.

Akọ̀wé ẹgbẹ́