Àgbègbè Lowndes ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà



Lowndes jẹ́ àgbègbè oko ní ìpínlẹ̀ Alabama, láàrin Selma àti Montgomery. Hayneville ni ibùjókòó ìjọba rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì lọ́ràá. Nítorí òwú ni a ṣe kó àwọn ènìyàn dúdú lọ síbẹ̀ lẹ́rú; àwọn ọmọ wọn ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀ títí di òní.

Ìbò ni a fi ń yan àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè náà àti ṣẹ́rífù, tí í ṣe olórí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, kò sí orúkọ ẹyọ ènìyàn dúdú kan nínú ìwé ìdìbò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ sílẹ̀, àwọn onílẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lóko. Inú àgọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń sùn. Síbẹ̀ wọn kò yẹsẹ̀. Ní ọdún 1970, wọ́n dìbò yan John Hulett, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ní ṣẹ́rífù.

Ẹ̀yin àgbà, pípọ̀ nìkan kọ́ ni agbára. Ẹni tí a kò kà mọ́ ìlú, a kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìlú.