Baṣọ̀run Gáà àti Ìbò Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbò tí ń bọ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ Ilé ni n ó gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Àwa tí a ń gbé ní Inland Town níhìn-ín, nítòsí ààfin Obi, a mọ̀ pé ọba Onitsha kì í dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè Ndichie wà, Onowu sì ni olórí wọn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ni wọ́n ń yan Aláàfin. Bí ó bá di aninilára, Baṣọ̀run, olórí wọn, lè kéde fún un pé ìlú kọ̀ ọ́. Aláàfin tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ikú ló kù. Àwọn Ògbóni náà sì wà níbẹ̀, kí Ọ̀yọ́ Mèsì pàápàá má baà ṣe tinú wọn. Èmi tí mo ń fi òfin ṣiṣẹ́ jẹ mọ̀ pé ètò ọlọ́gbọ́n ni.

Ní 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run. Láàárín ogún ọdún, ọba mẹ́rin ló ti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́, ọjọ́ 130 péré ni Awónbíojú lò lórí ìtẹ́, nítorí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Gáà. Ẹ kíyè sí i: agbára tí ìlú fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọba burúkú ni Gáà fi jẹ gàba. Kò gorí ìtẹ́ rárá. Kí ni ì bá fi ṣe? Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìlú káàkiri, ìṣákọ́lẹ̀ sì ń wọ ilé Gáà dípò ààfin. Nígbà tí ó di 1774, Aláàfin Abíọ́dún àti Ọ̀yábi, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n sì pa bàbá àti ọmọ. Ọba ló borí. Kò sí ẹni tí ó pe àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò láti wá jókòó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní irú Gáà tiwọn. Simon de Montfort, ọkọ àbúrò ọba Henry Kẹta, ṣẹ́gun ọba náà ní Lewes ní 1264. Ní oṣù kìíní 1265, ó pe ìgbìmọ̀ kan tí kì í ṣe ti ìjòyè nìkan: ó pe aṣojú ìgbèríko àti aṣojú àwọn ìlú. Ṣùgbọ́n òun náà ń kó ọrọ̀ àti odi fún àwọn ọmọ rẹ̀, títí Gilbert de Clare, tí wọ́n jọ jagun, fi bínú kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n pa á ní Evesham. Síbẹ̀ Edward tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ jọba tán, òun náà pe àwọn aṣojú ará ìlú ní 1295. Ìdílé Simon wó. Àga tí ó tẹ́ fún ará ìlú kò wó.

Mo ń gbọ́ láàárín wa pé àlejò ni wá, kí àgbà méjì mẹ́ta bá olùdíje kan ṣàdéhùn lórúkọ gbogbo wa. N kò fara mọ́ ọn. Òfin gbà kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé tàbí tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwa tí a ń san owó ọjà àti owó orí níbí, ọ̀ràn ìlú yìí kàn wá.

Olùdíje kan lè wá sọ pé kí a dìbò fún òun kí òun lè lé àwọn olè kúrò. Ẹ bi í pé, bí òun náà bá jalè, ta ni yóò lé e? Ẹ bi í pé àwọn wo nínú ẹbí rẹ̀ ni yóò máa gba owó ọjà. Kí ó dáhùn lójú gbogbo ìpàdé, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.