Ẹ Máa Kọ Ọjọ́ Rere Sílẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì alẹ́ sọ)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wárápá ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré tí wárápá ń dà láàmú ni, àti ti ìyá tó ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sọ ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tèmi.

Ẹ̀BI TÈMI

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a tò sórí ìlà. Ọmọ náà ṣubú lulẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ sá. Àwọn olùkọ́ sá. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá, èmi náà sá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án títí ó fi dìde fúnra rẹ̀. Ó ń wò wá bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn òbí kan wá bá mi. Wọ́n ní itọ́ ọmọ náà yóò ran àwọn ọmọ wọn. Mo ránṣẹ́ pe baba rẹ̀. Mo ní, "Ẹ mú un lọ sílé ná. Bí ara rẹ̀ bá yá, kí ẹ mú un padà wá." Baba náà kò bá mi jà. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ọmọ náà kò padà wá mọ́.

Irọ́ ni ohun tí àwọn òbí wọ̀nyẹn sọ. Wárápá kì í ran ènìyàn. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ènìyàn. Kí a bá ẹni tó ní in jẹun nínú abọ́ kan náà, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà náà, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ aráyé níwèé, n kò mọ̀.

Ọmọ náà yóò ti di géńdé báyìí. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣí kíláàsì tuntun fún àwọn àgbà, mo máa ń wo ojú àwọn tó ń wọlé, bóyá n ó rí i. N kò tíì rí i.

KÍ NI WÁRÁPÁ?

Wárápá kì í ṣe èpè. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Kì í ṣe wèrè. Àìsàn inú ọpọlọ ni.

Ọpọlọ wa ló ń rán ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú àti ẹnu níṣẹ́. Iná díẹ̀díẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó fi ń ránṣẹ́, bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Ẹ rò ó bí ọjà. Ní ọjọ́ ọjà, olúkúlùkù ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọjà sì ń lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọjà bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò gbọ́ ti ẹnì kejì? Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nínú ọpọlọ nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn. Bí ariwo náà bá rọlẹ̀, ara á rọlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wárápá ló ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ o. Òmíràn wà, ọmọ á kàn tẹjú mọ́ ọ̀kánkán, kò ní gbọ́ ohun tí a ń sọ. Òmíràn wà, orí ọmọ á kàn ṣẹ́ wálẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti nà lẹ́gba pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Níbo ló ti ń wá? Bí èémí kò bá tètè dé nígbà ìbí, ó lè fà á. Ibà tó wọ ọpọlọ lè fà á. Kí ènìyàn fi orí gbá nǹkan lè fà á. Òmíràn wà nínú ìdílé. Òmíràn sì wà tí dókítà kò rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gìrì tí ibà ń fà fún ọmọ kékeré yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì mú kì í ní wárápá. Síbẹ̀, ọmọ tí gìrì bá mú, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní wárápá ní gbogbo ayé. Wọ́n tún ní bí a bá tọ́jú wọn bó ti yẹ, tó 70 nínú 100 wọn lè máa gbé láìsí pé ó ń gbé wọn mọ́. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa: 70 nínú 100.

Ṣùgbọ́n àwọn 30 tó kù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ.

ÌYÁ KAN NÍ KÍLÁÀSÌ WA

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní alẹ́ tó kọ́kọ́ wá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti lé ní ọdún 3, kò tíì rìn, kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ìwé, orúkọ rẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọ. Mo kọ orúkọ ìyá náà sí ojú pátákó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ kọ́ mi ní aago kí ẹ tó kọ́ mi ní orúkọ mi."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wárápá máa ń gbé ọmọ òun. Dókítà bi òun pé ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, ìṣẹ́jú mélòó ló sì ń gbà. Òun kò lè dáhùn. Òun kàn ń wí pé, "Ó ń gbé e púpọ̀, dókítà." Ó ní ojú ti òun.

A fi orúkọ sílẹ̀, a kọ́ aago. Ní oṣù kejì, ó ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ó fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ní ọwọ́ òsì, ó ń kọ ọjọ́, aago, àti iye ìṣẹ́jú. Àwọn ọjọ́ kan wà tó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, àwọn ọjọ́ kan ẹ̀ẹ̀méje. Nígbà tó gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí i pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń gbé ọmọ jù. Ó yí oògùn padà, ó sì fi ọ̀kan kún un. Láìpẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà di ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo bi í pé, "Ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ fi sílẹ̀ yìí ńkọ́?" Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò kọ síbẹ̀.

Ní alẹ́ kan, mo ń yẹ ìwé wọn wò. Mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ní ọwọ́ ọ̀tún: "Ó di ṣíbí mú." N kò kọ ọ́ sí pátákó rí. Kò sí nínú ìwé wa. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ní ọmọ tó pé ọdún 1 kò ní ka ṣíbí dídì mú sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń lọ sí ọdún 4. Ìyá rẹ̀ ti dúró dè é láti ìgbà pípẹ́.

ÌGBÀ TÍ ÀṢÌṢE WỌ̀ Ọ́

Ó dé ìgbà kan, ara ọmọ ń balẹ̀. Ẹnì kan sọ fún ìyá náà pé ọmọ ti san, kí ó má lo oògùn mọ́. Ó gbọ́ràn. Ó dá oògùn dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, wárápá gbé ọmọ, kò sì fi í sílẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń lọ ni òmíràn ń dé. Ọlọ́kadà ló gbé wọn dé ilé-ìwòsàn lóru. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ bọ́.

Nígbà tó padà sí kíláàsì, ó ti kọ ọ́ sí ọwọ́ òsì: "Mo dá oògùn dúró. Ẹ̀bi mi ni." Mo wí fún un pé, "Ìyá, ẹ̀bi kì í ṣe tiyín nìkan. Èmi náà ní tèmi." Mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn fún un. A jọ dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi o: oògùn wárápá, ojoojúmọ́ ni. Kó má tán nílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, àfi bí dókítà bá sọ bí a ó ti máa dín in kù. Ẹ lè gbàdúrà, kò burú, ṣùgbọ́n kí oògùn máa lọ pẹ̀lú àdúrà. Kì í ṣe gbogbo oògùn rẹ̀ ló wọ́n. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ phenobarbital. Láti ọdún 1912 ni wọ́n ti ń lò ó fún wárápá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Dókítà ni yóò sọ bóyá ó yẹ ọmọ yín.

BÍ Ó BÁ GBÉ ỌMỌ, KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ má sá. Ẹ wo aago.
2. Ẹ gbé ọmọ kúrò nítòsí iná, omi àti ohun mímú.
3. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn.
4. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí itọ́ lè máa ṣàn jáde.
5. Ẹ má di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tipátipá.
6. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò lè gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Eyín ló lè kán.
7. Ẹ má fún un ní omi tàbí oògùn mu títí yóò fi jí dáadáa.
8. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn dé kí ó tó jí, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ẹ má ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ẹ má fi ata sí i lójú. Mo ti rí ẹni tó dàgbà tí àpá iná ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Ẹ má sì fún ọmọ ní àgbo ìtọ̀ màlúù tí a pò mọ́ ewé tábà. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwọn dókítà ti ń kọ̀wé lórí ewu rẹ̀. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọmọ á sì dákú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wárápá kò pa, àgbo yẹn ló pa wọ́n.

Nílé, ẹ má fi irú ọmọ yìí sílẹ̀ lóun nìkan nídìí ààrò tàbí létí kànga. Ẹ tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀, kó má sùn sókè.

Bí ilé-ìwòsàn tó wà nítòsí kò bá lè tán an, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí èyí tó tóbi. UCH wà ní Ìbàdàn, láti ọdún 1957 ló ti ń gba aláìsàn. Arò wà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n mọ̀ nípa àìsàn yìí níbẹ̀.

ỌJỌ́ 11

Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ọwọ́ ọ̀tún ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kún. "Ó rẹ́rìn-ín sí mi." "Ó dá jókòó." "Ó di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ 3." Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ó wá di ìgbà kan, ọjọ́ 11 kọjá tí wárápá kò gbé ọmọ náà rárá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìyá náà se ẹ̀wà, ó sì din dòdò. Ó pe àwọn ọmọ àdúgbò, àwọn tí ìyá wọn ti sọ fún rí pé kí wọ́n má sún mọ́ ilé yẹn. Ó pe èmi náà. Àwọn ìyá kan kò jẹ́ kí ọmọ wọn wá. Ṣùgbọ́n ọmọ 5 wá. Wọ́n yí abọ́ kan ká, wọ́n bá a jẹun. Ọmọ náà di ṣíbí rẹ̀ mú. Ẹ̀wà dà sí i láyà, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Baba rẹ̀ jókòó sí ìta. Kì í sábà gbé ọmọ náà jáde, ojú máa ń tì í. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dìde, ó gbé ọmọ lé èjìká, ó rìn títí dé orí títì, ó sì padà. Ìyá wọlé, ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé ọmọ náà ti wá san? Rárá o. Ní ọjọ́ 12, wárápá tún gbé e. Ó ṣì ń gbé e títí di òní. Kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bi ìyá rẹ̀ pé, ṣé kò kábàámọ̀ ẹ̀wà tó sè? Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ 11 kò padà di òfo nítorí ọjọ́ 12."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹkún kì í dí ojú kó má ríran. Ẹni tó bá ní irú ọmọ báyìí, kó ra ìwé ìkọ̀wé. Kó fa ìlà sí àárín. Ọwọ́ òsì fún dókítà, ọwọ́ ọ̀tún fún ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ bá wọn jẹun.

Bí ẹ bá sì mọ géńdé kan tí wọ́n lé kúrò ní ilé-ìwé nígbà èwe rẹ̀ nítorí wárápá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé àyè wà ní kíláàsì alẹ́. Ẹ sọ fún un pé ọ̀gá ní kí ó máa bọ̀.

 

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyá náà fẹ́ kọ́ kí ó tó kọ́ orúkọ rẹ̀? Nítorí kí ni?
2. Ìṣẹ́jú mélòó ni wárápá gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó sáré lọ sí ilé-ìwòsàn?
3. Dárúkọ ohun 3 tí a kò gbọdọ̀ ṣe fún ọmọ tí wárápá gbé.
4. Kọ ohun rere kan tí ọmọ rẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí sínú ìwé rẹ.