Irúgbìn ewédú náà kò kú o

Admin yín ni. Ẹni tí kò bá ráyè gbọ́ ohùn mi, ọ̀rọ̀ náà rèé ní kíkọ.

Ṣé ẹ rántí pé nínú gúrúùpù yìí náà ni mo ti sọ pé òkú irúgbìn ewédú ni Màmá wa kan tà fún mi? Láti Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kó o wá sí Sokoto. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìn ín sẹ́yìn ilé, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò hù, bẹ́ẹ̀ mo ń ra omi lọ́wọ́ máí rúwà láti fi wọ́n ọn. Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀ burúkú. Màmá kò fèsì, wọ́n kàn jáde kúrò ní gúrúùpù.

Lọ́jọ́ kan mo pe ìyá mi nílé. Wọ́n ní, "Ṣé o rì í bọ omi gbígbóná?" Mo ní rárá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kò kú, ó ń sùn ni."

Ẹ gbọ́ o. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ sọ omi híhó kalẹ̀, ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ kì í bọ omi tútù. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ti sè é nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi ibòòji, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó lè ṣeé fọ́n dọ́gba. Ẹ má bò ó jìn.

Mo pín ìyókù irúgbìn yẹn sí bàsíà méjì. Èyí tí mo rì bọ omi gbígbóná hù lọ́jọ́ kẹrin. Èkejì, ẹyọ mélòó kan ló yọjú.

Ní Sokoto níbí, ẹ gbìn ín tí òjò bá ti balẹ̀, oṣù kẹfà sí ìkeje. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín nígbà ọyẹ́, ojúmọmọ kúrú, á kàn yára tanná ni, ewé rẹ̀ ò ní pọ̀. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ gé e, ẹ má fà á tu; á tún rúwé. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kó so, kẹ́ ẹ ká èso rẹ̀ kó tó là.

Mo ti lọ bá Màmá ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ti dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti bú wọn, gbangba náà ló yẹ kí n ti bẹ̀ wọ́n. Irúgbìn wọn dára, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gbìn. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà wọn, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ padà wọlé.