Ká Tó Tún Ra Ẹ̀rọ Òmùwẹ̀, Páàtì Rẹ̀ Dà?

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa. A gbé e síbí fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ máa kà á lórí fóònù ní London àti ní Houston, ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú alẹ́, mi ò mọ èwo ló máa bá yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi. Alága ti mọ̀ pé mo máa kọjá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé létí ìlú wa, gbogbo wa la sáré débẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wa bọ́ sómi, wọ́n mòòkùn, wọ́n yọ, wọ́n tún mòòkùn. Èémí inú àyà wọn nìkan ni wọ́n gbé lọ. Àwọn tí wọ́n rí gbé jáde, ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn tí wọn ò rí lásìkò, ẹ mọ àwọn náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka òkè òkun fi dáwó, tí wọ́n fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mẹ́rin àti régúlétọ̀ méjì ránṣẹ́ sí wa. Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ ó mọ́ tónítóní. A jó, a ya fọ́tò. Èmi náà wà nínú fọ́tò yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Lónìí, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú régúlétọ̀ méjèèjì. Wọn ò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe o. Rọ́bà kéékèèké mélòó kan ni a ò rí.

Gbogbo ilé tó ń fi gáàsì dáná ló mọ régúlétọ̀. Òun ló wà lórí sílíńdà yín, tó ń dín agbára gáàsì kù kí iná má baà fò mọ́ yín lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òmùwẹ̀, ìpele méjì ni tirẹ̀ kàn ní. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà òmùwẹ̀ máa ń tó 200 bar; táyà mọ́tò yín kì í ju 2 àti díẹ̀ lọ. Ìpele àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí sílíńdà, á já 200 yẹn wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10. Ìpele kejì, tó wà lẹ́nu, á wá sọ ọ́ di ìwọ̀n tí ẹ̀dọ̀fóró lè gbà. Bí èèyàn bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀, omi á máa tẹ̀ ẹ́ sí i, 1 bar fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà á máa fún un ní afẹ́fẹ́ tó bá a dọ́gba. Ọdún 1943 ni Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe irú rẹ̀ tó wá gbayé kan ní ilẹ̀ Faransé. Ẹnjiníà ni Gagnan. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà ogun, àwọn èèyàn ń fi gáàsì wa mọ́tò, fáàfù irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló sì yí padà di ti òmùwẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀wọ́n epo kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ń dá 200 yẹn dúró nínú irin náà kò ju rọ́bà àti ike lọ. Àwọn òrùka rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní O-ring wà níbẹ̀, ìjókòó fáàfù wà níbẹ̀, tí kò tóbi ju èékánná lọ, asẹ́ kékeré kan tó ń gba ìdọ̀tí dúró, àti awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mọ̀ pé èèyàn ń mí. Iyọ̀ ń jẹ wọ́n. Kódà, tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lásán, rọ́bà á gan. Torí náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é fi ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tú u palẹ̀ pátá lẹ́yìn ọdún méjì tàbí lẹ́yìn ìgbà 100 tí wọ́n bá gbé e wọ omi. Àwọn rọ́bà àti ike tí wọ́n máa pààrọ̀ máa ń wà nínú ọ̀rá kékeré kan, oríṣi régúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rá tirẹ̀. Ọ̀rá yẹn ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bùọ̀dá tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa gbé ọ̀kan wọ omi lọ́dún tó kọjá. Ó ní nígbà tóun dé bíi mítà mẹ́fà, ṣe ló dà bí ẹni ń fi sitirọ́ọ̀ fa ẹ̀kọ tó ti dì. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ wọlé. Òun mọṣẹ́, kò já, ó rọra gòkè. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ni ńkọ́? Ìkejì ní tirẹ̀, tí ẹ bá ti dè é mọ́ sílíńdà, á máa ṣe ṣìì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ìjókòó fáàfù rẹ̀ ti jẹ. Ẹ̀yin àgbà lẹ sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ó dáa, àmọ́ kó má jẹ́ tìtorí rọ́bà.

Mo kó wọn lọ sí Ládípọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ta O-ring bá mi wọn mẹ́ta, ó sì rí mẹ́ta tó bá wọn mu, torí àwọn ìwọ̀n O-ring kan wà tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Ìyẹn ò tíì tó o, irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí mo wá mú ìjókòó fáàfù jáde, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ti Tòyótà." Ó fẹ́ bá mi fi gíríìsì mọ́tò kùn ún kó lè rọ̀. Mo dúpẹ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gíríìsì mọ́tò máa ń ba àwọn rọ́bà kan jẹ́, tó bá sì pàdé ọ́síjìn tó pọ̀, ó lè gbiná.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀: wọn ò ṣe oríṣi yẹn mọ́, páàtì èyí tí wọ́n sì ń ṣe lọ́wọ́, alágbàtà tó ní òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Inú bí mi. Nígbà tó yá mo rò ó pé, tí wọ́n bá ń tà á fún gbogbo ẹni tó ní sípánà, ẹnì kan á kú, wọ́n á sì ní àwọn ló pa á. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ìdajì tó kù ò yé mi: ẹni tí kò sí alágbàtà kankan nítòsí rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?

Kì í ṣe àwa nìkan. Ilé-iṣẹ́ Dacor wà ní Amẹ́ríkà nígbà kan. Mares ti Ítálì rà á, orúkọ náà parẹ́, àwọn tó ní ẹ̀rọ Dacor sì wá di ẹni tó ń wá ọ̀rá àtijọ́ kiri. Ẹ fi wé MK2 ti Scubapro: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, páàtì inú rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ láìpa á tì. Èyí tó pẹ́ lọ́jà bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa wò, kì í ṣe èyí tó ń dán jù.

Bàbá mi kan ní ká gé rọ́bà inú táyà dí i. Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Ẹlòmíràn ní ká máa fi ẹ̀rọ àwọn tó ń lẹ táyà fẹ́ sílíńdà. Agbára ẹ̀rọ yẹn kò tó nǹkan kan lára 200, èéfín àti epo inú rẹ̀ sì lè pa èèyàn kó tó débi ìjìn.

Mo gbọ́ pé ẹ̀ka òkè òkun tún fẹ́ ra régúlétọ̀ mẹ́rin. Ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra méjì. Ẹ fi owó méjì tó kù ra ọ̀rá páàtì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó máa bá wa ṣe sáfíìsì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: ṣé wọ́n ṣì ń ṣe oríṣi yìí? Ṣé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ọdún méjì? Tí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ jáde. Régúlétọ̀ ò wúwo, ó wọ báàgì ọwọ́. Ará ilé tó bá wá fún Kérésìmesì á gbé ọ̀kan lọ, ọ̀kan á wà nílé, wọ́n á máa pààrọ̀ ara wọn. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ á máa fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣàn án lẹ́yìn gbogbo ìwọmi. A máa dé ìdérí rẹ̀ kọ́kọ́, a ò sì ní tẹ bọ́tìnnì ẹnu rẹ̀ tó bá wà nínú omi. Ìyẹn ò gba owó.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àpótí lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú. Mo ti so bébà pupa mọ́ wọn: MÁ LÒ Ó. Nọ́ńbà ara wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Tí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù òmùwẹ̀ ládùúgbò yín níbẹ̀ yẹn, ẹ gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wọlé, ẹ bá mi béèrè bóyá ọ̀rá kan tàbí méjì ṣì kù ní kọ̀rọ̀ ibì kan.