Bọ́tìnnì Inú Agolo Ìyá Àgbà

Ohun tí mo mú wá lónìí kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Bọ́tìnnì idẹ ni, ti aṣọ sójà ayé òyìnbó. Ìpetumodù níbí ni mo ti rí i, nínú agolo tí ìyá àgbà mi ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọmọ ilé kan ti kó mẹ́fà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri; wọ́n dà wọ́n mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, owó búrẹ́dì kan ló mú bọ̀. Mo bínú, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọmọ náà rí?

Ìtàn tí a gbọ́ dàgbà nílé wa ni pé bàbá àgbà lọ jagun Bọ́mà. Kò sí ìwé, kò sí fọ́tò. Nígbà tí mo rí bọ́tìnnì yìí, mo ní ẹlẹ́rìí ti dé.

Lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó pè é ní ti sójà. Ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì idẹ tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa, ti rélùwéè ni, tàbí ti ọlọ́pàá. Lára tèmi, igi ọ̀pẹ kan ni mo rí, àti lẹ́tà mẹ́rin: W.A.F.F. West African Frontier Force nìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Ní 1928, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè “Royal” dá a lọ́lá, ni lẹ́tà R bá bọ́ síwájú. Tèmi kò ní R.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ dàrú. Láàárín 1943 sí 1945 ni Dífísọ̀n 81 àti 82 ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ja ogun Bọ́mà. Aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n sì ń wọ̀ nínú igbó ibẹ̀. Ta ni yóò so idẹ tó ń dán mọ́ àyà níwájú ìbọn ará Jàpáànù?

Lóòótọ́, bọ́tìnnì máa ń pẹ́ ju aṣọ lọ. Wọ́n lè já a lára ẹ̀wù ògbó kan kí wọ́n rán an mọ́ òmíràn. Ọ̀gá lè fi ta ọmọọṣẹ́ lọ́rẹ. Mo bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń wà, bíi Firmin ti London tàbí J. R. Gaunt ti Birmingham. Bí ilé iṣẹ́ bá yí orúkọ tàbí àdírẹ́sì padà, ẹ̀yìn bọ́tìnnì náà á yí padà, ìyẹn ló sì ń jẹ́ ká mọ ìgbà. Ẹ̀yìn tèmi ti jẹ. “GAUNT” nìkan ni mo rí kà. Bí tiyín bá ní adé, ẹ wo òkè rẹ̀. Èyí tó yọ róbótó jẹ́ ti àwọn ọba ọkùnrin, láti nǹkan bí 1902. Èyí tó tẹ̀ wọnú láàárín jẹ́ ti ayé Ọbabìnrin Elizabeth.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Brasso bó o. Ẹ má dán an wò o! Sójà tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ fi í dán, àmọ́ ẹni tó ń kó o jọ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà ló máa ń bá a lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin kiri ilẹ̀ Ifẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù.

Mo gbé e lọ bá àbúrò màmá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ta ló sọ fún ọ pé bàbá wa ló ni agolo yẹn? Ìyá wa ni wọ́n gbé e wá láti ilé bàbá wọn. Bàbá wọn ló lọ ogun Kamẹrúùnù.”

“Àǹtí, ẹ ò sọ fún wa rí!”

“Ẹ bi wá rí ni?”

Láti 1914 sí 1916 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n tún fi ọkọ̀ ojú omi kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tó di Tànsáníà lónìí. Ìgbà yẹn bá bọ́tìnnì tí kò ní R mu. Kò wá sọ pé bàbá àgbà mi kò lọ Bọ́mà. Ogun tiwọn lọ́tọ̀, wọn kò kàn fi bọ́tìnnì sílẹ̀ fún wa.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ Àǹtí sórí bébà, mo fi ọjọ́ sí i, mo wé e mọ́ bọ́tìnnì nínú páálí kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń padà lọ bi wọ́n bóyá ẹnì kan ní àdúgbò bá bàbá náà lọ. Ó dìgbà kan ná o.